Ògiri Tí Òkun Wà Lókè Rẹ̀

Fàúsátù Mákánjú kò tẹrí ba fún ikú bàbá rẹ̀, tí ó mú un kúrò níléèwé nígbà tí ó ku ọdún kan péré kí ó jáde. Kò tẹrí ba fún àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, tí wọ́n ní ọmọbìnrin kì í gun àkàbà létí títì, pé kí ó lọ jókòó ti àwo tí ìyá rẹ̀ ń tà. Kò tẹrí ba fún ọkọ tí ó kọjá sí Kútọnú láti lọ ra ọjà, tí ó sì fi ibẹ̀ ṣe ilé. Kò tẹrí ba fún iyọ̀ òkun tí ń jẹ ọ̀dà lára ògiri kí ọdún tó yí po, tàbí fún katapílà tí ó wó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àkọ́kọ́ nígbà tí wọ́n ń fẹ títì. Nígbà tí ẹ̀rọ tí ń tẹ àwòrán sára ọ̀rá dé, tí gbogbo oníṣọ́ọ̀bù láti Morogbo títí dé Ajara sì pa oníbúrọ́ọ̀ṣì tì, ó kà á sí òjò kan nínú àwọn òjò: ó wọlé, ó jókòó, ó ń retí kí ó dá. Kò dá. Síbẹ̀ kò tẹrí ba. Eékún rẹ̀ méjèèjì ni ó kọ́kọ́ ṣọ̀tẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ni ojú ọ̀tún.

Mo ń kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀ nítorí pé ó ti rẹ̀ mí láti máa gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń pè é ní aṣiwèrè onímáàpù. Èmi ni mo kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ ayé fún ọdún mẹ́rin, kí n tó fẹ̀yìn tì. Nínú gbogbo àwọn ọmọ tí ó gba abẹ́ ọwọ́ mi kọjá, kò sí èyí tí ó mọ odò àti ààlà bí i tirẹ̀. Ohun tí mo bá sọ nípa rẹ̀ níhìn-ín, ojú mi ni ó ṣe, tàbí kí òun fúnra rẹ̀ sọ ọ́ fún mi lórí bẹ́ǹṣì iwájú ilé rẹ̀ ní Ajara.

Kíkun máàpù sára ògiri iléèwé ni iṣẹ́ rẹ̀. Iléèwé tí kò bá lágbára láti ra máàpù ńlá tí a ń fi kọ́, Fàúsátù ni wọ́n máa ń ránṣẹ́ pè. Yóò na okùn tí ó ti rì bọ inú lúbúlúbú èédú, yóò ta á mọ́ ògiri, ìlà dúdú yóò sì jáde. Báyìí ni yóò ṣe pín gbogbo ògiri sí igun mẹ́rin-mẹ́rin. Yóò pín ojú ìwé átílásì rẹ̀ bákan náà, lẹ́yìn èyí ni yóò wá máa da àwòrán kọ, igun kan tẹ̀lé òmíràn, láti orí ìwé sí ara ògiri. Iṣẹ́ sùúrù ni. Ẹni tí ó bá kánjú nínú rẹ̀ yóò gbé Sókótó sínú odò Ọya.

Ní ọdún 1988, wọ́n pè é sí iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Imeke. Ògiri ìhà gúúsù ni wọ́n fún un: ẹni tí ó bá dúró kọjú sí i, òkun ni ó kọjú sí. Ọmọ etí omi sì ni Fàúsátù. Láti kékeré ni ó ti ń rí i pé bí àwọn apẹja bá fẹ́ júwe ọ̀nà, òkun ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ kọjú sí. Nítorí náà, nígbà tí ó gbé átílásì lé orí bẹ́ǹṣì níwájú ògiri, ó yí ìwé náà po títí òkun inú ìwé fi kọjú sí òkun gidi, gẹ́gẹ́ bí ẹnikẹ́ni ní etíkun wa yóò ti ṣe. Ó na okùn, ó fa ìlà, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kò sì rántí yí ìwé náà padà mọ́. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ó fi ṣe é. Ní ọjọ́ kẹrin, ọ̀gá iléèwé wọlé, ó gbójú sókè, ó bá òkun lábẹ́ àjà.

"Fàúsátù," ni ó wí, "kí ni Kánò ń wá nílẹ̀ẹ́lẹ̀?"

Fàúsátù wo ògiri, ó wo ẹ̀yìn ara rẹ̀. "Sà, ṣé òkun kọ́ ló wà níwájú wa yìí ni? Ẹ̀yìn wa ni Kánò wà."

"Mo mọ̀ pé ẹ̀yìn wa ni ó wà! Ta ní sọ pé kí ẹ̀yìn wa bọ́ sí ìsàlẹ̀?"

Olùkọ́ kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dé láti Èkìtì, Ọ̀gbẹ́ni Adédìran, ti bọ́ sínú kíláàsì nígbà náà, àwọn olùkọ́ tó kù sì tẹ̀lé e. Ó wo ògiri títí, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ó wà bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti dé Badagry, n kò mọ ìdí tí ọrùn fi ń dùn mí. Mo ti mọ̀ ọ́n wàyí. Ẹ̀yin ará etí òkun ni ẹ jókòó lé àwa Èkìtì lórí!" Ó yíjú sí Fàúsátù. "Ìwọ arábìnrin, ya òkè kan síbẹ̀ fún mi. Ya ọkùnrin kan tí ó ru odó, tí ó sì há ìwé mẹ́ta sí abíyá. Kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: Ẹ jẹ́ kí a jẹun tán ná, kí a tó bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn."

Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá iléèwé nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ kí ọjọ́ tó kanrí, wọ́n sì pa á rẹ́. Fàúsátù bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta mìíràn, ó dá Kánò padà sókè, ó dá òkun padà sísàlẹ̀. Kò bá ọ̀gá jà. Ṣùgbọ́n kí ó tó kúrò ní Imeke, ó ti da àwòrán àṣìṣe náà kọ sínú ìwé, àti òkè Èkìtì àti odó orí rẹ̀. Nígbà tí katapílà sì wó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, tí ó padà sí ilé bàbá rẹ̀ ní Ajara, ara ògiri tí ó kọjú sí títì ni ó kun ún sí, kí gbogbo ọkọ̀ tí ń lọ sí ẹnubodè lè rí i.

Báyìí ni ògiri náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Òkun wà lókè. Badagry fẹ̀ bí àtẹ ẹja. Erékùṣù Èkó kò ju hóró ẹ̀pà kan lọ ní igun rẹ̀. Àwọn tí ń kọjá a dúró, wọn a wá ìlú wọn, wọn a bínú, wọn a rẹ́rìn-ín, wọn a sì fẹ́ fi nǹkan kún un. Níbẹ̀ ni Fàúsátù ti ṣe òfin. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú ẹ̀fẹ̀ ìlú ẹlòmíràn wá. Onílùú ni yóò wá fúnra rẹ̀, yóò dúró níwájú ògiri, yóò sọ ọ́ lójú gbogbo ayé, òun náà ni yóò sì kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín sí i. Bí kò bá rẹ́rìn-ín, búrọ́ọ̀ṣì kì í kan ọ̀dà.

Mo wà níbẹ̀ ní ọjọ́ tí Yọ̀mí, ọmọ Ọ̀yọ́ kan tí ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì, gbé ẹ̀fẹ̀ Ìjẹ̀bú wá.

"Ṣé Ìjẹ̀bú ni ọ́?" ni Fàúsátù bi í.

"Rárá, Màmá. Ìyàwó mi ni Ìjẹ̀bú."

"Lọ pè é wá."

Ìyàwó náà, Gbémisọ́lá, dé tòun ti aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. "Kí ni ó ní kí ẹ kọ?" Nígbà tí ó gbọ́ ọ, ó mi orí. "Ìyẹn kò dùn rárá, ọkọ mi. Ẹ kọ ọ́ báyìí, Màmá: Ìjẹ̀bú, gààrí wa kan gógó, àwa aya ilé kan jù ú lọ." Ó rẹ́rìn-ín títí tí ó fi di ògiri mú. "Ó yá, ẹ jẹ́ kí n sọ ti Ọ̀yọ́ fún yín."

"Ó tó. Ti Ọ̀yọ́, ẹnu ọkọ rẹ ni yóò ti jáde."

Yọ̀mí yọ fìlà, ó họrí. "Ọ̀yọ́," ni ó wí níkẹyìn, "a bú yín tán, ẹ sì tún dúpẹ́." Ẹ̀rín òun náà ni ó pẹ́ jù lọ́jọ́ náà.

Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó dùn bẹ́ẹ̀. Àgbà apẹja kan wà tí ó wá láti Gánà, tí ó ti ń gbé etíkun wa láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Ó ní kí Fàúsátù ya orílẹ̀-èdè òun bí báàgì, irú báàgì onílà pupa àti búlúù tí gbogbo ayé ń pè ní Gáná-mọsígò. "Inú rẹ̀ ni mo kó ẹrù mi sí lọ́jọ́ tí ẹ lé wa," ni ó wí. "Ọdún kejì ni mo tún fi báàgì kan náà kó ẹrù padà wá. Ìdè rẹ̀ kò tíì já." Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mo bi Fàúsátù lẹ́yìn náà bóyá kò rò pé ọ̀rọ̀ náà le jù fún ara ògiri.

"Mà," ni ó dá mi lóhùn, "òun ni ó ru báàgì náà. Òun ni ó mọ ìgbà tí ó fúyẹ́."

Mo ti lo ọdún márùndínlógójì níwájú kíláàsì, n kò tíì gbọ́ ohun tí ó yé mi jù bẹ́ẹ̀ lọ nípa ẹ̀fẹ̀.

Ibi tí ó yẹ kí ilẹ̀ àwọn Òyìnbó wà lára ògiri náà, sìmẹ́ńtì lásán ni. Àwọn Òyìnbó tí ń wá wo ìlú wa a máa dúró níbẹ̀, wọn a ní kí a túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún wọn, wọn a rẹ́rìn-ín sí Gánà àti sí Èkìtì. Bí Fàúsátù bá bi wọ́n léèrè tiwọn, wọn a wo aago. Ó fi àyè wọn sílẹ̀ dè wọ́n. Ó ṣì wà bẹ́ẹ̀ di òní.

Ti àwọn Ègùn ni mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí jù lọ. Sẹ̀nàmì, aládùúgbò Fàúsátù, ni ó mú un wá. Obìnrin Ègùn ni, ẹja gbígbẹ ni ó ń tà, àwọn méjèèjì sì ti di ọ̀rẹ́ láti ìgbà tí ọkọ Fàúsátù ti lọ. Ẹbí Sẹ̀nàmì kan wà ní Badagry, ìkejì wà ní Àjàṣẹ́, ẹnubodè sì wà láàárín. "Kọ ọ́ pé," ni Sẹ̀nàmì wí, "àwa Ègùn ti jókòó jẹ́jẹ́ kí ààlà tó dé. Ààlà ni ó ṣìnà wọ inú àgbàlá wa. Kí la fẹ́ ṣe fún un? A sá aṣọ sí i!" Ó rẹ́rìn-ín, ó ń lu itan. Fàúsátù sì ya ẹnubodè bí okùn tí a ń sá aṣọ sí. Ó sá tòbí, ìró àti àwọ̀n ẹja sí i, ó sì ya àwọn Ègùn sí apá méjèèjì okùn náà, tí wọ́n ń na ọwọ́ bá ara wọn ká aṣọ nítorí òjò.

Bí ògiri náà ṣe rí nìyẹn nígbà tí awọ funfun kan bẹ̀rẹ̀ sí í bo ẹyin ojú ọ̀tún rẹ̀. Ó kọ́kọ́ rò pé ọ̀dà ni. Láàárín ọdún méjì, ojú náà ṣú pátápátá; ti òsì sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì bí ìgbà tí èéfín wà nínú ilé. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ kékeré ni yóò mú un kúrò. Fún ẹni tí a kì í pè sí iléèwé mọ́, tí owó oúnjẹ pàápàá ń ti ọ̀dọ̀ ọmọ wá, kò sí iṣẹ́ abẹ tí ó kéré. Ó ń fọwọ́ wá ife lórí tábìlì. Ó ń da àwọ̀ ewé pọ̀ mọ́ àwọ̀ búlúù. Mùínàt, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, bí ọmọbìnrin kan tí wọ́n sọ ní Aaliyah, ìyá àgbà rẹ̀ sì ní láti gbé e súnmọ́ imú kí ó tó rí i pé ó ń rẹ́rìn-ín.

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan, Alhaji Ishaq dé. Ọmọ àbúrò bàbá Fàúsátù ni, ó sì ń du ipò alága ìjọba ìbílẹ̀. Ègùn ni ẹni tí wọ́n jọ ń du ipò náà.

"Àǹtí Fàúsátù, ẹ kú ìjókòó o. Ojú kan náà ni ẹ ṣì fi ń ṣọ́ gbogbo ayé?"

"Ojú kan náà ni mo fi rí ọ láti òkèèrè. Ikùn rẹ ni ó kọ́kọ́ dé."

Ishaq rẹ́rìn-ín, ó jókòó. Ó ní òun ti bá dókítà kan sọ̀rọ̀ ní Èkó, ojú méjèèjì ni yóò tún ṣe. Ọkọ̀ òun yóò gbé e lọ, yóò gbé e bọ̀. Kò ní san kọ́bọ̀.

"Kí ni kí n ṣe fún ọ?" ni Fàúsátù bi í.

"Ẹbí kì í béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹbí." Ó húkọ́ díẹ̀. "Ohun kékeré kan ni, Àǹtí. Ẹ̀fẹ̀ náà ni. Okùn aṣọ yẹn, kí ẹ kàn sún un wá sí ìhín díẹ̀, kí gbogbo Ègùn bọ́ sí ọ̀hún, sí Àjàṣẹ́. Kí ẹ wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé: Àlejò kì í ṣe alága."

Fàúsátù yí ojú òsì sí ògiri.

"Gbogbo ọkọ̀ tó ń kọjá ló ń ka ògiri yín. Ẹ gbé Kánò sísàlẹ̀, ẹ sọ Gánà di báàgì, ta ló pè yín lẹ́jọ́? Ẹ̀rín ni. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé ẹ̀rín ni."

"Ṣé Ègùn ni ọ́, Ishaq?"

"Háà, Àǹtí!"

"Mo kàn béèrè ni."

Ó ní òun yóò padà wá gbọ́ èsì ní ọjọ́ Àìkú, nítorí ọjọ́ Ajé ni dókítà ń retí wọn.

Alẹ́ ọjọ́ náà kò tíì lẹ́ tí Mùínàt ti gbọ́. "Màámi, ògiri ni. Sìmẹ́ńtì ni. Bí ẹ bá fọ́jú tán, ta ni yóò máa wò ó?"

"Ìwọ."

"Èmi kò fẹ́ wò ó. Mo fẹ́ kí ẹ máa wo Aaliyah."

Fàúsátù sọ èyí fún mi ní ọjọ́ kejì lórí bẹ́ǹṣì, ohùn rẹ̀ sì ti wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ní láti tẹ́ etí sí i. "Mà, mo fẹ́ ojú náà. Ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín. Ó ti rẹ̀ mí. Mo fẹ́ ẹ bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ ṣe ń fẹ́ omi." N kò gbà á nímọ̀ràn kankan. Ọ̀rọ̀ ojú ẹlòmíràn kì í ṣe ẹ̀kọ́ tí a lè kọ́ ni.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, Sẹ̀nàmì wọlé wá pẹ̀lú òórùn ẹja lára. Ọ̀rọ̀ ti dé etí rẹ̀. Mo fura sí Mùínàt.

"Nọví," ni ó wí, bí àwọn Ègùn ti í pe ọmọ ìyá ẹni, "wọ́n ní èmi ni mo bò ọ́ lójú."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹnu kì í ṣọ̀wọ́n. Gbọ́, gbé wa kọjá. Gbé gbogbo wa kọjá! Mo ní ẹbí ní Àjàṣẹ́, wọn kò ní jẹ́ kí ebi pa mí níbẹ̀. Bí ojú rẹ bá là tán, o ó tún wá dá wa padà. Ṣé èmi tí mo ni í kọ́ ni mo mú un wá yìí? A kò rú òfin rẹ."

Fàúsátù dìde, ó gbé agolo ọ̀dà jáde, ó fi àkàbà ti ògiri. Mo di àkàbà náà mú nítorí eékún rẹ̀. Ó gùn ún ní ẹsẹ̀ kan, ó sinmi. Ó gun èkejì, ó sinmi. Títí ó fi dé ibi tí okùn aṣọ wà. Ó fọwọ́ wá a kí ó tó rí i.

"Ó dára," ni ó wí láti òkè. "O mọ òfin. Sọ ọ́, kí o sì rẹ́rìn-ín."

Sẹ̀nàmì dúró níwájú ògiri. "Àwa Ègùn," ni ó bẹ̀rẹ̀, "àlejò ni wá..." Ó tún ẹnu yà, ó fi eyín hàn. Ohun tí ó jáde dà bí ikọ́. Ọkọ̀ kan tí ó ru gedú kọjá lójú títì, Sẹ̀nàmì sì dúró kí ariwo rẹ̀ kọjá bí ẹni pé ariwo náà ni ó ń dí ẹ̀rín lọ́wọ́. Ọkọ̀ náà lọ tán.

"Fún mi ní àyè díẹ̀, nọví."

"Gba àyè."

Ó gba àyè. Oòrùn gòkè dé orí wa. Ẹsẹ̀ Fàúsátù ń gbọ̀n lórí àkàbà, mo sì ń gbọ́ bí igi rẹ̀ ti ń dún. Sẹ̀nàmì gbìyànjú lẹ́ẹ̀kẹta, ó fi ọwọ́ lu itan bí ó ti ṣe lọ́jọ́sí. Itan nìkan ni ó dún.

"Kò pa mí lẹ́rìn-ín," ni ó wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. "Dárí jì mí. Mo fẹ́ kí ó pa mí lẹ́rìn-ín."

"Mo mọ̀," ni Fàúsátù dáhùn. Ó sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ kan, ó sinmi, ẹsẹ̀ kejì. Ó dé agolo ọ̀dà náà, ó sì fi ìdí òkúta tẹ ìdérí rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ òkun má baà gbẹ ẹ́.

Ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, Ishaq dé pẹ̀lú ọkọ̀, pẹ̀lú awakọ̀, pẹ̀lú garawa ọ̀dà tuntun méjì. Mùínàt ti di aṣọ ìyá rẹ̀ sínú àpò kékeré, ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ọmọ pọ̀n, ó dúró. Ishaq wo ògiri. Okùn aṣọ ṣì wà níbi tí ó wà. Àwọn Ègùn ṣì ń ká aṣọ nítorí òjò.

"Àǹtí, ẹ kò tíì bẹ̀rẹ̀? Kò burú, awakọ̀ mi lè bá yín di àkàbà mú. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, a ó sì máa lọ. Dókítà ń retí yín."

Fàúsátù jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀, ó yí ojú tí ó ṣẹ́kù sí ibi tí ohùn náà ti wá.

"Ishaq," ni ó wí, "o ṣeun. N kò fẹ́ ẹ."